Ta Ni ‘Ẹ’ Inú Lẹ́tà Náà?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, ọmọ mi obìnrin kú. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni. Òun nìkan ni mo bí.

Wọ́n bá a nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn irin tó wà lẹ́yìn ilé tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ilé alájà mẹ́ta ni, òkè pátápátá ni àjọ wọn gbà. Ọmọ mi ló dá àjọ náà sílẹ̀, òun ló sì ti ń darí rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa lọ láti ilé ẹ̀kọ́ girama kan sí òmíràn, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ìlera ọpọlọ: bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìrònú òun ti ń kọjá bó ṣe yẹ, ẹni tó yẹ kó sọ fún, àti pé kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá rí bébà kan lórí tábìlì rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ mi ló kọ ọ́. Mo mọ ọwọ́ náà dáadáa, èmi ni mo dì í mú nígbà tó kọ́kọ́ kọ A. Ohun tó wà nínú bébà náà nìyí:

“Ẹ má bínú. Gbogbo ohun tí ẹ lè ṣe lẹ ti ṣe. Mo gbìyànjú, kò ṣeé ṣe mọ́. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ bá mi sọ fún àwọn àbúrò mi pé kì í ṣe ẹjọ́ wọn. Ó ti sú mi.”

Ọjọ́ méjì péré ni ọlọ́pàá tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún fi ṣe é. Ó ní obìnrin náà ló bẹ́ láti òkè. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, pé ẹni tó bá ń gba ẹrù ọkàn gbogbo èèyàn rù, ọjọ́ kan ni ọrùn rẹ̀ máa yẹ̀. Ó pa fáìlì dé. Alága ìgbìmọ̀ àjọ náà ka lẹ́tà yẹn sókè níbi ìsìnkú, ohùn rẹ̀ balẹ̀, àwọn èèyàn sì sunkún. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé kí àjọ náà má wá mọ́. Mo tò sórí ìlà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan níwájú mi ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé eyín ti ká lẹ́nu oníṣègùn eyín. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ra sítáǹpù mi, mo lọ.

Alága wá sílé mi pẹ̀lú àwọn méjì nínú ìgbìmọ̀. Ọkùnrin gíga ni, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ ti bẹ òun kí òun di ipò olùdarí mú títí wọn yóò fi rí ẹlòmíràn. Ó ní àwọn máa kó àpótí lẹ́tà tí ọmọ mi gbé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kúrò ná, kí ara lè rọ gbogbo èèyàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá ọmọ mi ti kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ilé dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ kí èmi náà tó lọ: ṣé ọmọ mi ló pa ara rẹ̀, àbí òun kọ́.

*

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, Sájẹ́ǹtì kan wá kan ilẹ̀kùn mi. Obìnrin ni, ó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ti gbé fáìlì náà fún un kó fọwọ́ sí i kó lè wọ àpótí, kò sì fọwọ́ sí i. Awakọ̀ rẹ̀ ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Màmá Bó-Ṣe-Sọ-Ọ́ ni wọ́n ń pè é ní tẹ́ṣàn, tó bá ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èèyàn ò lè sọ fún un pé ẹnì kan bú òun. Ó máa ní kí o sọ èébú náà bí ẹni náà ṣe sọ ọ́ gan-an.

Kò bá mi kẹ́dùn púpọ̀. Ó jókòó, ó gbé ẹ̀dà lẹ́tà náà síwájú mi.

“Bàbá, ta ló ń kọ̀wé sí?”

Mo ní èmi ni.

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Ó pè mí ní ẹ. Ta ló tún fẹ́ pè ní ẹ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí?”

Ó ní ọlọ́pàá àkọ́kọ́ kò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, gbogbo ayé ni lẹ́tà náà ń bá wí: òṣìṣẹ́, ìgbìmọ̀, ẹbí.

“Ó ka ẹ yẹn sí èrò rẹpẹtẹ. Ẹ̀yin kà á sí bàbá. Ẹ méjì ló wà lẹ́nu wa, ojú kan náà ni wọ́n sì ní. Tó bá ń kọ̀wé sí yín, báwo ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀?”

“Bàbá mi.”

“Gbogbo ìgbà?”

“Kódà kó jẹ́ bébà pélébé pé òun ti jáde, pé oúnjẹ wà nínú ìkòkò.”

“Kò sí Bàbá mi níbí.”

Èmi náà ti rí i pé kò sí. Mo ti sọ fún ara mi pé ìrora ọkàn ló jẹ́ kó gbàgbé. Mi ò sọ ìyẹn fún un. Ó fi ìka tẹ ibòmíràn lórí bébà, ó béèrè iye àbúrò tí ọmọ mi ní. Mo ní kò ní àbúrò, kò ní ẹ̀gbọ́n. Mo ní wọ́n ti ṣàlàyé fún mi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ní lọ́kàn, tàbí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tó bá kéré sí èèyàn ni èèyàn lè pè ní àbúrò.

“Ta ló ṣàlàyé?”

“Ọlọ́pàá.”

“Ọlọ́pàá ò gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí kó pe akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àbúrò? Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo fẹ́.”

Mo la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni yẹn kò jáde. Ohun tí mo rántí ni ọjọ́ kan, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí mo jókòó sẹ́yìn yàrá níbi tó ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun níṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ń ṣàfihàn bí òun ṣe máa bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Àbúrò mi.” Ọmọ mi dá a dúró lójú gbogbo èèyàn. Mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún Sájẹ́ǹtì bí mo ṣe gbọ́ ọ:

“Ọ̀rẹ́ là ń pè wọ́n níbí. Tí o bá ti pe èèyàn ní àbúrò, kò ní pẹ́ tí wàá fi rán an lọ ra búrẹ́dì.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, òfin ni.

Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀ tán kó tó gbójú sókè.

“Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí ní àbúrò tí ìyá rẹ̀ bí, Bàbá.”

“Ọwọ́ ọmọ mi ni.”

“Ọwọ́ rẹ̀ ni, mi ò jiyàn. Ẹnu ta ni?”

*

Ó ní kí n bá òun ká lọ sí ọ́fíìsì náà, pé èmi ni mo mọ bí ọmọ mi ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo wọ bàtà mi.

Ẹ̀ṣọ́ tó wà nísàlẹ̀ sọ fún wa, láìjẹ́ pé a bi í lẹ́ẹ̀mejì, pé igbákejì olùdarí àti ọmọ mi pariwo mọ́ra wọn láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo wọn ń pe igbákejì yìí. Ọkùnrin tó lé díẹ̀ lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó kí èèyàn, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó bá kí i tán. Mo ti ń fura sí i tipẹ́. Ta ni ikú olùdarí máa ń ṣe láǹfààní bí kò ṣe igbákejì rẹ̀?

Ó ti sọ fún ọlọ́pàá àkọ́kọ́ pé láti aago méjì sí aago márùn-ún ọjọ́ náà, òun ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Sájẹ́ǹtì ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà.

“Mo ti pe ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹ.”

Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

“Kí lẹ jọ ń jà sí láàárọ̀?”

“Ọ̀gá wa fẹ́ kí n di olùdarí, ma.”

“Ìwọ ló fẹ́ ẹ, wọn ò gbà.”

“Rárá, ma. Àwọn ló fẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn máa gbé e fún mi lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi ni mi ò gbà.”

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó fa àpamọ́wọ́ rẹ̀ yọ, ó mú káàdì kan jáde nínú rẹ̀. Káàdì ilé ìwòsàn ni. Ó ní gbogbo ọ̀sàn ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òun máa ń lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ, ó ti lé ní ọdún méjì, òun sì ń lo oògùn. Ọmọ mi nìkan ló mọ̀. Òun sọ fún un pé bí àwọn òbí bá gbọ́, wọ́n á ní ẹni tí orí rẹ̀ kò pé ló ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ó ní ọmọ mi gbá tábìlì, ó ní nítorí ẹ̀ gan-an ni òun ṣe yàn án. Ariwo tí ẹ̀ṣọ́ gbọ́ nìyẹn.

Sájẹ́ǹtì ka òǹtẹ̀ ara káàdì náà. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ó dá a padà fún un.

“O sì ń kọ́ àwọn ọmọ pé kò sí ìtìjú níbẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ma.”

“Ìwọ náà wọ kíláàsì ẹ lọ jókòó.”

Ojú tì mí. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo ti fi ń ṣépè fún un lábẹ́ ahọ́n.

*

Akọ̀wé wọn jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọ súwẹ́tà nínú ooru. Kí Sájẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ní ọwọ́ ọ̀gá òun ni, pé wọ́n ti bi òun. Ó wá hàn pé orí fóònù ni ọlọ́pàá àkọ́kọ́ ti fi àwòrán lẹ́tà náà hàn án. Kò tíì rí bébà gan-an rí. Sájẹ́ǹtì yọ bébà náà nínú báàgì oníke, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi náà rí i pé wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé igun rẹ̀ lókè lápá ọ̀tún nìyẹn, tí ojú ibi tí wọ́n gé sì mọ́ tónítóní.

“Mi ò tíì rí ẹni tó ń gé igun ìwé ìdágbére rẹ̀ rí,” Sájẹ́ǹtì sọ. “Kí ló máa ń wà ní igun yìí?”

Akọ̀wé jókòó.

“Nọ́ńbà.”

Ó wá ṣàlàyé. Nínú ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni àpótí wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ju lẹ́tà sí láìkọ orúkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń ka àwọn lẹ́tà náà, títí olùkọ́ kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ fi dá ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì dé etí gbogbo kíláàsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ìgbà náà, ọmọ mi nìkan ló ń ṣí àpótí, lọ́jọ́ Ẹtì. Ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ da lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kọ, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, àṣìṣe sí àṣìṣe, ó máa kọ nọ́ńbà sí igun rẹ̀, ó máa wá ya èyí tí ọmọ náà kọ wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ ló máa ń kà fún wọn lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú ikú rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta ló kà. Ó ní ẹ̀kẹrin wà, ṣùgbọ́n àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Akọ̀wé mú ìwé àkọsílẹ̀ wá. Nọ́ńbà méjìdínlọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti ọgbọ̀n wà nínú fáìlì. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọ mi ló kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: ojú ìwé méjì.

“Ọ̀kan nìyí,” Sájẹ́ǹtì sọ. “Ibo ni ìkíní wà? Àti pé ilé ẹ̀kọ́ wo ni?”

Akọ̀wé ní kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ọmọ mi kì í kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa tọ ọmọ kankan dé ilé. Àpótí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló ṣí lọ́jọ́ Ẹtì náà. Ó ka orúkọ wọn. Ìkẹta ni ilé ẹ̀kọ́ Alága.

‘Ẹ’ inú lẹ́tà náà wá yé mi nígbà náà. Kì í ṣe bàbá, kì í ṣe èrò rẹpẹtẹ. Ọmọ kan ló ń bá àgbà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àgbà náà sì ni ọmọ mi. Nǹkan kan tú nínú mi. Kó tó tú tán, nǹkan mìíràn dì.

Sájẹ́ǹtì ló sọ ọ́ jáde. Ó ní ọmọ kan wà níbì kan tó ti kọ̀wé pé ayé ti sú òun, ó ti lé ní ọjọ́ méjìlá báyìí, kò sì sí ẹni tó wá a lọ, nítorí pé a ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi ìsìnkú ẹlòmíràn.

*

Alága wà ní yàrá olùdarí, lórí àga ọmọ mi. Ó ti mú tìmùtìmù tirẹ̀ wá sórí rẹ̀. Ó dìde kí mi, ó ní kí wọ́n fún mi ní omi. Sájẹ́ǹtì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún un: pé lẹ́tà náà kì í ṣe ti olóògbé, pé ọmọ kan ló ni ín, pé ojú ìwé kejì nìkan ló wà lọ́wọ́, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló sì ṣeé ṣe kó ti wá.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní Ọlọ́run ló yọ orúkọ ọmọ mi nínú ìtìjú. Ó sì mi orí.

“Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ìrònú wọn ò jìnnà. Ẹni tó kọ irú nǹkan báyìí, ṣé ó tiẹ̀ ro ti àwọn méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni?”

Sájẹ́ǹtì ń kọ̀wé, kò gbójú sókè. Ó béèrè ẹni tó ń gbá yàrá náà. Ó béèrè bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó já sí àtẹ̀gùn irin máa ń ní àgádágodo. Ó wá ti bírò rẹ̀.

“Bàbá Alága, ilé ẹ̀kọ́ yín ló sún mọ́ ibí jù. Ẹ jẹ́ ká jọ débẹ̀.”

Ó ní ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, kó jẹ́ lọ́la.

“A ò ní pariwo.”

Alága na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ sọ fún ìyá ilé tó ń bójú tó àwọn ọmọ pé àlejò ń bọ̀. Sájẹ́ǹtì ti na ọwọ́ tirẹ̀ ṣáájú.

“Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e dání, sà.”

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, awakọ̀ Sájẹ́ǹtì wà níwájú pẹ̀lú Alága. Sájẹ́ǹtì fà mí sẹ́yìn díẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ọkùnrin náà sọ. Mo ní ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ ìsinsìnyí.

“Bó ṣe sọ ọ́ gan-an.”

Mo tún un sọ. Mo dé “àwọn méjèèjì”, mo dúró. Àwọn àbúrò mi ló wà nínú lẹ́tà. Wọ́n lè jẹ́ méjì, wọ́n lè jẹ́ méje.

“Ojú ìwé kìíní ló ní iye wọn,” ni Sájẹ́ǹtì sọ. “Ẹni tó dà á kọ ti kú. Ẹni tó bá tún mọ̀ ọ́n, òun ló mú un lọ.”

Ó pe Ẹlẹ́rìn-ín pé kó bá wa ká lọ. Kò sọ ìdí, Ẹlẹ́rìn-ín kò sì béèrè.

*

Ilé ẹ̀kọ́ tó mọ́ ni. Wọ́n kun òkúta etí ọ̀nà ní funfun, kò sí bébà kan nílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọjá ń kí Alága, wọ́n sì ń yà kúrò lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Sájẹ́ǹtì ń wò wọ́n. Nígbà tí ìyá ilé jáde, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Alága.

“Ọmọ wo níbí ló ní àbúrò méjì, tí kò sí ní kíláàsì lónìí?”

Ìyá ilé wo Alága.

“Ẹ má wò wọ́n, màmá. Èmi ni mo bi yín.”

Ó ní ọ̀kan wà ní yàrá ìsinmi.

Yàrá ìsinmi wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Bóòtù tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níta. Wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé rẹ̀. Alága ní ìtọ́jú ni, pé tí ọmọ bá ń sunkún láìnídìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń wò ó sàn, pé òun ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó dá àjọ sílẹ̀. Ìyá ilé fa bóòtù. Òórùn ibẹ̀ kọ́kọ́ jáde sí wa.

Ọmọ náà jókòó sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ kejì ikú ọmọ mi ni wọ́n ti fi í síbẹ̀. Kò yíjú padà.

Mo fẹ́ wọlé. Ẹlẹ́rìn-ín fi ọwọ́ dá mi dúró jẹ́ẹ́jẹ́. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò kọjá ibẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ti wá. Ó ní lẹ́tà náà dé. Ó dákẹ́, ó sì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mi ò kúrò. Nígbà tó pẹ́, ọmọ náà sọ̀rọ̀ sí ògiri.

“Ṣé àǹtí yẹn ló rán yín?”

“Àwọn ni.”

“Ṣé inú ń bí wọn sí mi?”

“Rárá,” Ẹlẹ́rìn-ín sọ. “Inú ò bí wọn rárá.”

Lọ́jọ́ kejì, ní ilé ìwòsàn, ó sọ ìyókù fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun sọ ọ́.

*

Alága sọ̀rọ̀ ní tẹ́ṣàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a rí ọmọ náà. Sájẹ́ǹtì pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, ó kà á fún mi bó ṣe sọ ọ́.

Ó ní ọmọ mi ló pe òun lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ mi sọ fún un pé lẹ́tà kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ wọn nípa yàrá kan, pé òun máa kà á níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́bọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé àgbà ni wọ́n, òun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí i ní kọ̀rọ̀.

Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé tó bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àgbà, kó kọ́kọ́ lọ bá a ní òun nìkan, kó má dójú tì í láwùjọ. Sájẹ́ǹtì dúró, ó wò mí. Mo ní kó máa kà á lọ.

Alága ní òun gba ẹ̀yìn wọlé kí àwọn òṣìṣẹ́ má bàa rí òun. Ó ní òun béèrè orúkọ ọmọ náà, ọmọ mi kò sọ. Ó ní orí àtẹ̀gùn ni àwọn ti ń fa ìwé náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, pé òun kò tì í, pé òun kàn fa ìwé náà ni, ọmọ mi sì fi ẹ̀yìn rìn, ó ṣubú. Ilé ẹjọ́ ni yóò sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ìyẹn. Ohun tí kò jiyàn ni pé òun wo ìsàlẹ̀, òun kò sọ̀ kalẹ̀. Òun padà sí yàrá. Ó mú ojú ìwé kìíní, èyí tó fi mọ ọmọ tó kọ ọ́, ó fi sísọ́ọ̀sì ọmọ mi gé igun ojú ìwé kejì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì dáadáa. Aago márùn-ún ọjọ́ náà, ó ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó bá wọn ṣàwàdà.

Sájẹ́ǹtì pa ìwé náà dé. Ó fa bébà mìíràn jáde, àkọsílẹ̀ àwọn ohun ìní olóògbé, tí mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí wọ́n tó lè kó wọn fún mi. Èyí tí ọlọ́pàá àkọ́kọ́ kọ sókè pátápátá ni: lẹ́tà ìdágbére kan. Sájẹ́ǹtì mú rúlà, ó fa ìlà gba orí rẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: kì í ṣe tirẹ̀. Ó yí bébà náà sí mi. Mo ka ìyókù kí n tó fọwọ́ sí i.

Aago ọwọ́ kan, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Awò ojú kan nínú páálí.

Bírò aláwọ̀ búlúù méjì, ọ̀kan kò ní ìdérí.

Bàtà kan, ti ẹsẹ̀ òsì.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke kan.

Ìwé kan tó ń kọ fún igbákejì rẹ̀, lórí bí wọ́n ṣe ń ṣí àpótí, ojú ìwé mẹ́rìnlá, kò tíì parí.

Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ méje tó fẹ́ dé kí oṣù tó parí, lórí bébà kan. Ó ti fa ìlà sí mẹ́ta.